Ọpẹ́ tí Ó Ní Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi kọ́ ọmọdé ní ọ̀nà tí ó tọ́. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà pé, ẹni tí ó bá dúpẹ́ oore àná yóò rí òmíràn gbà. Láti ìgbà tí a ti ń jókòó lórí àga kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa ni èyí: báwo gan-an ni òmíràn náà ṣe ń dé? Ṣé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni ó ń fà á wá bí òòfà ti ń fa irin, tàbí ọ̀nà mìíràn wà tí ó ń gbà?

A kò bi ìbéèrè yìí láti fi ṣeré. Ní ayé tí a wà yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníwàásù ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa dúpẹ́ ní òwúrọ̀, kí wọ́n máa ro èrò rere, kí wọ́n sì máa fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti di ọlọ́rọ̀, owó yóò sì máa wọlé tọ̀ wọ́n wá. Àwọn òbí àwọn ọmọ tí a óò kọ́ ń gbọ́ ọ, àwọn ọmọ náà sì ń gbọ́ ọ. Bí ọmọ tí kò ní bàtà bá gbọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, ohun tí yóò gbà gbọ́ ni pé bàbá òun kò mọ ọpẹ́ dá, nítorí náà ni òun kò ṣe ní bàtà. Ẹ̀kọ́ tí ó bá mú kí ọmọ máa gan bàbá rẹ̀ nítorí àìní, ẹ̀kọ́ búburú ni, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dùn tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí oko. Ní Ute, ní agbègbè Ọsẹ tí kò jìnnà sí ìlú Ọ̀wọ̀, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí èyí ni àwọn baba wa ṣe dá àáró sílẹ̀. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ yóò kọ ebè ní oko ẹnì kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ mìíràn, wọn yóò lọ sí oko ẹnì kejì, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò se oúnjẹ fún àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́, a kì í sì í ka ọjọ́ mọ́ ọn lọ́rùn bí a ti ń kà á nínú àáró.

Nínú méjèèjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ọpẹ́ wà. Ọkùnrin tí wọ́n bá bá kọ ebè tán, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, tí ó sì kí gbogbo wọn ní kíkí tí ó dùn, ṣùgbọ́n tí a kò rí i ní oko ẹnì kejì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó mọ oore. Ní ọdún tí ń bọ̀, òun nìkan ni yóò máa dá ebè rẹ̀ kọ. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti dé oko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ kí oòrùn tó yọ, òun ni ebè rẹ̀ kì í kù. (Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́ràn ìkíni ju ọkọ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má bínú sí wa.) A kò sọ pé ìkíni kò ní iyì. Àwa tí a máa ń jí lọ sí ilé ẹni tí ó ṣe wá lóore láti tún sọ pé, “Ẹ ṣeun àná,” a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń tún okùn so. Ṣùgbọ́n okùn ni. Kì í ṣe ẹrù tí a fi okùn dì.

Èsúsú tún mú ọ̀rọ̀ náà yé ni ju àáró lọ. Ohun àtijọ́ ni láàárín wa. Àlùfáà Samuel Johnson kò gbàgbé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí a tẹ̀ ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe ìṣirò bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ènìyàn 10 dá èsúsú jọ, olúkúlùkù ń dá ₦1,000 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹnì kan kó ₦10,000. Nínú owó náà, ₦1,000 péré ni ó jẹ́ tirẹ̀; ₦9,000 jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá jó, bí ó bá kọrin, bí ó bá tilẹ̀ pe gbogbo àdúgbò wá bá a yọ̀, kò tíì dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ 9 tí ó kù ni ọpẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá mú ₦1,000 wá láìjẹ́ pé a lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn. Nígbà tí èsúsú bá sì tún bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn bá ní ọmọ tí ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í bẹ̀rù láti fún ní ipò àkọ́kọ́. Bí òmíràn ti ń dé nìyí. Ènìyàn ni ó ń gbé e wá.

Ìtàn àwọn ará Ọ̀wọ̀ pàápàá kò jìnnà sí èyí. Ẹni tí ó bá ti wà ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ní àkókò iṣu titun, yóò ti rí ọdún Igogo. A kì í lu ìlù nínú ọdún náà. Agogo ni a ń lù. Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ńlá a máa di irun bí obìnrin, wọn a sì fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ṣe ẹ̀ṣọ́. Orọnsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, ni wọ́n fi ń rántí. Wọ́n ní ọba fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn aya rẹ̀ yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tí ó ru igi ti oko dé kò sì gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe ìlara, wọ́n ba èèwọ̀ náà jẹ́. Orọnsẹn bínú, ó fi ààfin sílẹ̀, kò sì padà mọ́. Igbó Laja, tí a dárúkọ mọ́ ìtàn yìí, ni Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní 1971, tí ó sì rí àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí gbogbo ayé fi mọ Ọ̀wọ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba ìtàn náà gbọ́ bí a ti pa á. Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìyìn kò wọ́n Orọnsẹn ní ààfin, nítorí ọba fẹ́ràn rẹ̀. Àdéhùn ni wọn kò pa mọ́. Ẹ wo bí ìlú náà sì ti ń rántí rẹ̀ títí di òní: wọ́n gbé ìlù sílẹ̀. Wọ́n fi ohun tí ó dùn mọ́ wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ nítorí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣì ń dun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa. Ní 2016, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní MMM, èyí tí Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, dá sílẹ̀, gbòde kan ní Nàìjíríà. Wọ́n ṣèlérí pé ẹni tí ó bá kó owó sílẹ̀ yóò gba ìdá 30 nínú 100 lé e lórí ní oṣù kan. Ẹni tí ó bá gba owó, wọn a ní kí ó kọ ìwé ìdùnnú; àwọn mìíràn a ya àwòrán ara wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín dúpẹ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù Disẹ́ńbà 2016, nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti owó gbogbo ènìyàn pa. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà níbẹ̀, owó oko wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ọpẹ́ ẹnu àti èrò rere bá ń fa owó wá, àwọn ará wa wọ̀nyí ni ìbá là jùlọ, nítorí wọ́n ń dúpẹ́ tọkàntọkàn, ìrètí wọn sì kún. Ṣùgbọ́n kò sí iṣu tí a gbìn, kò sí aṣọ tí a rán. Owó ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni a ń fún ẹni tí ó dé ṣáájú. Ìwé ìdùnnú sì di ìjẹ tí a fi ń mú ẹja mìíràn. Ẹni tí ó wà nínú èsúsú mọ ojú ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, iye tí ó bá dá sì ni yóò kó; kò sí ẹni tí ó ń retí èlé láti inú òfo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìrètí ni a ń gàn. Inú dídùn ní í mú orí yá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, kí àwọn kan máa kọ ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú, kí àwọn kan sì máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lásán. Àwọn tí ó ń kọ ọpẹ́ sọ pé ayé wọn dára ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ń retí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Nínú apá mìíràn ìwádìí náà, tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, àwọn tí ó ń kọ ọpẹ́ sọ pé àwọn túbọ̀ ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lójú tiwa, èyí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ní Jámánì, Gabriele Oettingen àti Doris Mayer wo àwọn tí ó ń parí ẹ̀kọ́ yunifásítì, tí wọ́n ń wá iṣẹ́. Ìwádìí wọn jáde ní 2002. Àwọn tí ó ń jókòó fi ọkàn ya àwòrán iṣẹ́ rere tí yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn ọdún 2 kéré, owó oṣù wọn sì kéré. Àwọn tí ó gbà gbọ́ pé àwọn lè rí iṣẹ́ nítorí ohun tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni nǹkan ṣẹnuure fún. Àlá ojú ìmọ́lẹ̀ ti tu àwọn ti ìṣáájú nínú, bí ẹni pé wọ́n ti jẹ iṣu tí wọn kò tíì gbìn.

Nínú Bíbélì pẹ̀lú, adẹ́tẹ̀ 10 ni ara wọn ti mọ́ kí ọ̀kan ṣoṣo tó padà wá dúpẹ́. Oore ti ṣáájú ọpẹ́. Ọpẹ́ kọ́ ni a fi rà á.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ láàárín àwọn olùkọ́ bí tiwa, kí a má jìnnà lọ. Michael Adekunle Ajasin, tí a bí ní Ọ̀wọ̀ ní 1908, kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ní Ọ̀yọ́, ó sì tún lọ kàwé ní Fourah Bay àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1947 ó padà sí Ọ̀wọ̀ láti jẹ́ ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Imade. Ní 1963 ó dá Owo High School sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ Action Group, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù January 1955, kí ó tó wá di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. A kò wọ inú ọkàn rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n a rí ohun tí ó fi ẹ̀kọ́ tí ó gbà ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ó wá ku bí a óò ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì. Àwọn kan máa ń ní kí ọmọ kọ ohun márùn-ún tí ó fẹ́ dúpẹ́ fún. Kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa yóò kọ irọ́ láti tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ọmọ dárúkọ, kí a sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹni náà ṣe fún ọ? Kí ni ó ná an? Kí ni ìwọ yóò ṣe fún un kí ọjọ́ Ẹtì tó dé? Ọmọ tí ó bá kọ pé ìyá òun ń pọnmi ní òwúrọ̀ lè kọ pé òun yóò pọnmi ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Ọmọ tí kò ní bàtà ní ẹni tí yóò dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọlọ́rọ̀ ti ní, kò sì sí ibì kan nínú ìbéèrè náà tí ó dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi.

Kí olùkọ́ kọ tirẹ̀ sí ojú pátákó ṣáájú kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ ẹni tí ó ń gbá àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, bí àpẹẹrẹ, àti ohun tí olùkọ́ yóò ṣe fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí a béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí ọmọ kan bá ní òun kò tíì ṣe é, kí a má na án. Kí a fún un di ọjọ́ Ajé. Kí a má sì nu ti olùkọ́ kúrò lójú pátákó títí òun náà yóò fi ṣe tirẹ̀.