Kẹ̀kẹ́ Àgbẹ̀ ní Àsìkò Ọyẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Àsìkò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ kòkó ń ti oko bọ̀ wá sílé. Bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà náà, orí ni ẹ ó fi rù ú.

Bí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, pàápàá àlòkù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tí ń dán tàn yín jẹ. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀: bí rímù bá ń tẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ̀ sósì, ẹ fi í sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kò yẹ ọ̀nà oko lójú tèmi, nítorí eruku tètè ń ba jíà wọ̀nyẹn jẹ́.

Ṣéènì ni ọyẹ́ kọ́kọ́ ń bá jà. Eruku a máa lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì, àpòpọ̀ méjèèjì a sì máa jẹ irin bí òkúta ìpọ́nbẹ ti ń jẹ ọ̀bẹ. Nítorí náà, ọ́ìlì púpọ̀ kọ́ ni a ń fẹ́. Ẹ fi àkísà nu ṣéènì mọ́, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀, kí ẹ dúró kí ó wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ nu èyí tó kù lára rẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe lo epo pupa, bí ó tilẹ̀ wà nítòsí. Òtútù òwúrọ̀ a máa mú un dì, eruku a sì máa kó sí i. Láti mọ̀ bóyá ṣéènì ti gbó, ẹ fi rúlà wọn oríkèé 24. Ínṣì 12 ni ti tuntun. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì lé sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ba eyín irin tí ó ń yí lé lórí jẹ́.

Àpò kòkó tó kún a máa wọn nǹkan bí kílò 62.5, bí ẹni tí ẹ gbé àgbàlagbà kan sẹ́yìn. Bíréèkì tí ó tó láti dá ẹ̀yin nìkan dúró lè má tó fún ẹ̀yin àti àpò náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ yẹ rọ́bà bíréèkì wò kí ẹ tó di ẹrù. Bí ó bá ti fẹ́ jẹ dé irin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kan rímù rárá. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i lówùúrọ̀, ẹ nù ún gbẹ, nítorí bíréèkì kì í mú rímù onírin tó tutù dáradára. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ jù, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì máa fà á sẹ́yìn bí ẹ ti ń rìn lọ. Ìlàjì àpò lẹ́ẹ̀mejì kò ní ìtìjú nínú.

Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó kí ẹ tó kó ẹrù, kí rímù má baà ge túbù. Túbù tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́, ẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́: kò sí okùn tó dára jù ú lọ fún dídi àpò mọ́ kẹ́ríà.