Ẹ̀kọ́ 9: Ọjọ́ Orí Sátẹ́láìtì

Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé lọ sí òkè réré, tí yóò sì máa yí ayé po. Èyí tó ń wo ilẹ̀ ní kámẹ́rà nínú. Ó ń ya àwòrán odò, igbó àti ìlú, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra ní Rọ́ṣíà. Ó gbé NigeriaSat-1 tiwa àti BILSAT-1 ti Tọ́kì pọ̀. Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe méjèèjì. Bátìrì BILSAT-1 bàjẹ́ ní 2006, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún NigeriaSat-1, ó sì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ nìkan yóò ní Tọ́kì ló pàdánù. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn àgbà ní ká kú ní kékeré, ká fi ẹṣin ṣe ìrèlé ẹni, ó sàn ju ká dàgbà ká má ládìẹ ìrànà. Ohun tí sátẹ́láìtì fi sílẹ̀ ló yẹ ká wò. Ìmọ̀ ni BILSAT-1 fi sílẹ̀ fún Tọ́kì: ní oṣù Kẹjọ 2011, wọ́n rán sátẹ́láìtì mìíràn, RASAT, lọ sókè, nílé wọn ni wọ́n sì ti kàn án. Rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló gbé NigeriaSat-X tiwa. Ọwọ́ àwọn ẹnjiníà wa ló ṣe é, èyí sì tó yangàn, ṣùgbọ́n Surrey náà ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹnìkan lè bi wá pé, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ fún ará Òkè-Ògbò ní Ifẹ̀ tó ń wá omi àti iná? Òótọ́ ni pé nígbà tí NigeriaSat-1 ń ṣiṣẹ́, kò lè rí ilé ẹnikẹ́ni: tóótó kan nínú àwòrán rẹ̀ gba mítà 32 níbùú lóòró, bíi pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ó lè fi hàn bí igbó ṣe ń tán àti ibi tí àgbàrá bò, èyí tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè rí tán. Bí ìwé ni àwòrán náà rí: ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń kà á, àwọ̀ lásán ló rí. Láti 1998 ni ibùdó kan ti wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níhìn-ín ní Ifẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ yìí. Ó kù kí ìjọba máa gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la ojú àgbàrá àti àwọn tó ń ṣọ́ igbó, kí wọ́n sì jẹ́ kí a kan èyí tó ń bọ̀ nílé.