Tẹlifíṣàn àtijọ́ ń sọ̀rọ̀, kò fàwòrán hàn: Ẹ má tíì ra fúláíbákì

Àwọn tó ṣì ń tún tẹlifíṣàn aláwọ̀ ayé ọjọ́un ṣe, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ yẹn, mọ ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn jù. Oníbàárà á gbé e wá, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú. Oníṣẹ́ á sáré ra fúláíbákì, á pààrọ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí tiransísítọ̀ tuntun náà yóò tún jó. Ta ni yóò san owó ẹ̀ẹ̀kejì? Kì í ṣe oníbàárà. Fúláíbákì gan-an kò sì wọ́pọ̀ mọ́, inú òkú tẹlifíṣàn ni ọ̀pọ̀ ti ń tú u.

Ohun tí fúláíbákì ń ṣe kò le. Páwà inú tẹlifíṣàn ń gbé nǹkan bíi 110 sí 140 fóòtì fún un. Tiransísítọ̀ bíi BU508A á máa tan iná yìí, á sì máa pa á, nígbà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe di nǹkan bíi 25,000 fóòtì, tí yóò gba wáyà tó nípọn lọ sára gíláàsì.

Iná yẹn kì í tètè kúrò nínú gíláàsì. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ pílọ́ọ̀gì. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó gbọ́n máa ń so wáyà mọ́ irin sikurudiráífà, á so ìdí kejì mọ́ wáyà tó yí ẹ̀yìn gíláàsì ká, á wá ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà wáyà ńlá náà. Ọwọ́ kan ló ń lò, èkejì wà lẹ́yìn. Á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, torí iná náà máa ń kóra jọ padà.

Bí irun apá bá dìde níwájú gíláàsì nígbà tí wọ́n tàn án, iná gíga wà. Ibòmíràn ni àìsàn wà. Bí kò bá dìde, kí wọ́n yọ tiransísítọ̀ náà, kí wọ́n so gílóòbù 60 wáàtì mọ́ ojú iná páwà sí ilẹ̀, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Bí fóòtì bá ju èyí tí wọ́n kọ sínú àwòrán iṣẹ́ tẹlifíṣàn náà lọ, páwà ló ń pa tiransísítọ̀.

Bí páwà bá dára, ó ku kàpásítọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ tiransísítọ̀, èyí tí wọ́n kọ 1,600 tàbí 2,000 fóòtì sí lára. Òun gan-an lọ̀pọ̀ kì í wò! Bó bá ti rẹ̀, iná gíga á ròkè kọjá ààlà, àwòrán á kéré sí i, tiransísítọ̀ á jó. Iye kan náà gan-an ni kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná tó ròkè jù kì í ṣe ti owó nìkan: ní 1967, General Electric ní Amẹ́ríkà ní láti tún ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn aláwọ̀ rẹ̀ ṣe torí ìtànṣán X-ray tó ń jáde lára wọn, ìjọba ibẹ̀ sì ṣòfin lé e lórí ní 1968.

Ariwo ṣíì-ṣíì lásìkò òjò, eruku ló sábà máa ń fà á. Spírítì àti aṣọ gbígbẹ ti tó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná inú gíláàsì. Ṣùgbọ́n bí ara fúláíbákì bá sán, tàbí tó wú, ìgbà yẹn ni kí wọ́n wá òmíràn, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ mu.