Ọ̀wọ́ Wo Ni Kí N Fi Ará Kugbo Sí?

Ìbéèrè: Kubwa ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ dátà níléeṣẹ́ kan tó ń gbé ọjà lọ bá àwọn oníbàárà nílé. Wọ́n ní kí n pín ibùgbé àwọn oníbàárà sí ọ̀wọ́ méjì. Kọ̀ǹpútà kó ọ̀kan jọ sí apá Wuse, ó kó èkejì jọ sí apá Mararaba. Àwọn ará Kugbo, tó wà láàárín méjèèjì, ló ń dà mí láàmú: bí mo bá ti fi oníbàárà tuntun díẹ̀ kún un, wọ́n á ti ṣí kúrò ní ọ̀wọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ẹnì kan ní kí n lo fuzzy clustering. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làálàá. Ará Kugbo kò ṣẹ̀ ọ́. K-means, ìlànà pípín ọ̀wọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ lò, ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín: ọ̀wọ́ tí àárín rẹ̀ bá fi mítà kan péré sún mọ́ ọ ju èkejì lọ ló ni ọ́ lódindi. Bẹ́ẹ̀ Mararaba fúnra rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè, Àbújá ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń dorí kọ!

Fuzzy clustering máa ń fún oníbàárà ní ìpín nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 1, àròpọ̀ ìpín rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1. Ká ní ẹnì kan fi kìlómítà 4 jìnnà sí àárín ọ̀wọ́ Mararaba, ó fi 8 jìnnà sí ti Wuse. Bí a bá fi m, òǹkà tó ń sọ bí ààlà ọ̀wọ́ yóò ṣe rọ̀ tó, sí 2, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Ìlọ́po mẹ́rin 16 ni 64, nítorí náà Mararaba tó sún mọ́ jù gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn 0.8, Wuse gba ìyókù, 0.2. Kọ̀ǹpútà yóò wá tún àárín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wá, ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ ni yóò fà á jù, yóò sì tún ìpín pín, títí òǹkà kò fi ní yí mọ́. Lotfi Zadeh ló la ọ̀nà èrò níní ìpín nínú ọ̀wọ́ yìí lọ́dún 1965. Dunn sọ ọ́ di ìlànà pípín dátà ní 1973, Bezdek sì mú un gbòòrò sí i ní 1981.

Ṣọ́ra fún oníbàárà tó ń gbé l'Ékòó o. Ó jìnnà réré sí ọ̀wọ́ méjèèjì, àmọ́ nítorí pé àròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, yóò gba nǹkan bíi 0.5 àti 0.5, bí ẹni pé Kugbo ló ń gbé. Nítorí náà, wo ìjìnnà gan-an kí o tó gba ìpín gbọ́.

Ẹni tó bá gba 0.95, gbé ọjà rẹ̀ fún awakọ̀ ọ̀wọ́ rẹ̀, má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá gba 0.55 àti 0.45, awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni kó gbé ọjà rẹ̀ lọ.