Yìnyín tó ya lulẹ̀ ní Lewes

Mo ṣèlérí nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí pé màá kọ ìyókù ọ̀rọ̀ yìnyín síbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní yunifásítì fẹ́ lọ rìn lórí òkè ní Cairngorms, ní Scotland. Ó jókòó sí kíṣìnì mi ní New Cross, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ní, "Àǹtí, ẹ má dààmú. Switzerland ni avalanche wà, kì í ṣe Britain."

Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin, a pààrọ̀ ní East Croydon, kò sì tó wákàtí méjì tí a fi dé Lewes, ní Sussex.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ná. Nílé, yìnyín ni ohun tó máa ń já lu páànù nígbà òjò. Níbí, a tún ń lò ó fún èyí tó ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Àwọn kan ń pè é ní òjò dídì. Fún avalanche, èmi ń lo "ìyalulẹ̀ yìnyín", nítorí a máa ń sọ pé ilẹ̀ ya, pé bèbè odò ya. Ènìyàn ń ṣubú, ògiri ń wó, ẹsẹ̀ ń yọ̀, ṣùgbọ́n bèbè ń ya.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1836, yìnyín ń bọ́ ní Lewes pẹ̀lú ìjì líle. Cliffe Hill ni òkè tó wà lórí ìlú náà. Kò ga púpọ̀. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè á fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ìlú dúró bí ògiri. Atẹ́gùn ń gbá yìnyín orí òkè, ó ń kó o wá sí etí ibẹ̀, títí ó fi yọ síta bí àtíbàbà tí kò ní òpó. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé méje ti àwọn òṣìṣẹ́ wà, tí wọ́n ń pè ní Boulder Row.

Àwọn ará ìlú rí àtíbàbà yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n kúrò. Wọn ò kúrò. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi: nígbà Kérésì, nínú òtútù yẹn, níbo ni tálákà fẹ́ kó ọmọ lọ? Láago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ya. Ó bo ènìyàn 15 mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ 7 láàyè, 8 kú. Títí di òní, kò sí ìyalulẹ̀ yìnyín mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀ ní Britain. Fanny Boakes, ọmọ ọdún méjì, wà lára àwọn tó yè, wọ́n sì tọ́jú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà sí Anne of Cleves House, musíọ́mù kan nílùú náà.

Ilé ọtí ló wà níbi tí Boulder Row wà báyìí. Snowdrop Inn ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ yìí rò pé òdòdó ni. Mo ní kó pín orúkọ náà sí méjì, kó tún un kà. Ẹnu rẹ̀ pa mọ́.

Kí ló ń mú yìnyín ya gan-an? Ẹ rántí ìyá tó ń ta gaàrí ní Rye Lane. Ó ń da gaàrí lé kóńgò, ó ń ga, ó ń ga, títí ẹ̀kúnwọ́ kan á fi mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn lulẹ̀. Lórí òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ló léwu jù. Tó bá tẹ́jú, yìnyín ò ní lọ; tó bá dúró jù, díẹ̀díẹ̀ ló ń dà nù, kì í ráyè pọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa àwọn arìnrìn-àjò jù ni ti ẹní. (Ẹní tí à ń sùn lé o, kì í ṣe ẹni!) Ìpele ìpele ni yìnyín ń tò. Nígbà mìíràn, ìpele ìsàlẹ̀ á rí hóróhóró, kò ní lẹ̀ mọ́ra, atẹ́gùn á wá tẹ́ ìpele líle lé e. Ó dà bí ẹní tí a tẹ́ sórí gaàrí tó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dáa lójú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e wò. Nínú ìjàǹbá mẹ́wàá tó ń pa ènìyàn lórí òkè, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni náà tàbí ti ẹnì kejì rẹ̀ ló já a. Tó bá sì ti bo ènìyàn, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ìrètí ń yára dínkù. Ọ̀rẹ́ tó wà nítòsí pẹ̀lú ṣọ́bìrì ló lè gbà yín, kí hẹlikópítà tó dé.

Nígbà òtútù, Scottish Avalanche Information Service máa ń gbé ìròyìn jáde lójoojúmọ́ fún agbègbè mẹ́fà, méjì nínú wọn ní Cairngorms. Ìpele ewu márùn-ún ló wà. Ẹ má rò pé 3 jẹ́ "bákan náà ṣá", bíi máàkì ìdánwò. Ibi 3 yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kú. Ìròyìn náà tún ń sọ ẹ̀gbẹ́ òkè tí atẹ́gùn kó yìnyín sí, èyí sì wúlò ju nọ́ńbà lọ lójú tèmi.

Lálẹ́ àná, ọmọ náà pè mí. Ó ti ka ìròyìn: 3, ní apá àríwá àti ìlà-oòrùn. Ó ní àwọn ò ní gòkè mọ́, ìsàlẹ̀ àfonífojì nìkan làwọn máa rìn.

Mo ní, "Boulder Row ńkọ́? Ṣé orí òkè ló wà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tú máàpù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n pè yín padà."