Ta Ni Ọmọ Nàìjíríà Àkọ́kọ́ Nínú Líìgì Ìlú Ọba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, àríyànjiyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà ní ìsọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní láti 1949 tí Teslim Balógun ti bá ikọ̀ wa lọ sí Ìlú Ọba ni ó ti jókòó síbẹ̀, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, àti pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú líìgì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá a.
— Ọmọ Òkè Àrin, Èkó

ÌDÁHÙN: Bí a bá ń perí akọni, a ó fi idà lalẹ̀, pàápàá nígbà tí akọni náà jẹ́ ọmọ Èkó Akéte, Àrómisálẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ẹni tí àwọn òǹwòran ń pè ní Thunder nítorí agbára tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìyìn akọni kò ní kí a da ìtàn rẹ̀ rú. Ìrìn-àjò méjì ni ọ̀rẹ́ yín sọ di ọ̀kan.

Ti 1949, àlejò ni wọ́n bá lọ. Agbábọ́ọ̀lù 18 ni ó wọkọ̀ ojú omi, púpọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì bá ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án figagbága. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n yà ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n fi góòlù 2 sí òdo na ikọ̀ Sàró, wọ́n sì darí wálé, Balógun pẹ̀lú wọn.

Ti 1955 ni ó bá iṣẹ́ lọ. Peterborough United ni ó kọ́kọ́ gbà á, ṣùgbọ́n Midland League ni ẹgbẹ́ náà ń gbá nígbà náà, nítorí 1960 ni wọ́n tó gbà wọ́n wọ Football League. Ní 1956, nígbà tí ó dé Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ líìgì gan-an, ní ìpele kẹta, níbi tí ó ti gbá ìdíje 13, tí ó sì jẹ góòlù 3.

Ní ti Áfíríkà, Arthur Wharton, aṣọ́lé tí wọ́n bí ní Accra, ti wà nínú líìgì náà kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé: Balógun padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó wà lára àwọn tí ó kọ́ ikọ̀ wa tí ó lọ sí Òlíńpíìkì Mẹ́síkò ní 1968, ó sì jáde láyé ní 1972. Pápá ìṣeré tí a ṣí ní Sùúrùlérè ní 2007 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí: ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́, rárá, ọdún náà sì ni 1956. Ẹ fi èyí parí ìjà, kí ẹ padà sídìí ọjà yín.