Ọwọ́ Ọ̀tún Là Á Fi Fà Á Mọ́ra

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Bí ọmọ ìjọ kan bá kẹ́yìn sí ìgbàgbọ́, ti òsì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí.

Ẹ wo Alabar, àdúgbò ìṣòwò kan ní Kumasi, ní Ghana. Láàárín àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀, ẹni tí ẹ jọ kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi lè jẹ́ ẹni tí yóò tà yín ní àpò ìrẹsì láwìn lọ́jọ́ Ajé; ẹ sì lè jọ máa dá èsúsú. Bí arábìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá ní òun kò ṣe Kristẹni mọ́, oníbàárà á yà fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, olórí èsúsú á ní iye ti pé. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni, ikùn la wá ń fìyà jẹ. Bó bá padà lẹ́yìn ìyẹn, ta ló mọ̀ bóyá Jésù ló padà wá bá, tàbí oníbàárà?

Àwa Yorùbá náà kúkú mọ bí ìléni ṣe ń rí. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ta ọjà ní gbàǹjo, wọ́n fi gbèsè tí wọn kò rí gbà sílẹ̀. Ẹni tí a lé rí kò yẹ kó máa léni.

Ẹnìkan lè ní Jòhánù kìlọ̀ pé ká má gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílé. Àwọn tó ń gbé ẹ̀kọ́ èké kiri ló ń bá wí, kì í ṣe aládùúgbò tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti rẹ̀.

Èyí kò ní ká dákẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àmọ́ ẹ má kó ẹgbẹ́ aládùúrà ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú oníbàárà. Kí ẹnìkan tó sún mọ́ ọn lọ bá a nílé, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì gbọ́ ọ tán. Ó lè jẹ́ ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ìwà àwa ará ìjọ gan-an. Bó bá ní ó tó, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa gbàdúrà ní kọ̀rọ̀. Kò lè kọ́ ọmọ yín ní Bíbélì mọ́, ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ ra ọjà rẹ̀, ẹ san àwìn rẹ̀ lásìkò, ẹ lọ síbi ìkómọ rẹ̀.

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ padà, ẹni tí kò yé kí i ni yóò wá bá. Ẹ rí i pé ẹ̀yin ni.